Àkéte Èjìká Àlátàkúróm

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni mo ti lóyún rí láyé mi, mo sì bí gbogbo rẹ̀ ní àbíyè. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ọkùnrin, onírùngbọ̀n, tó ń kírun ní ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí, mo lóyún lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, n kò sì bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn á lóyún kan péré, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Èmi á bí tèmi tán lọ́sàn-án gangan, n ó jẹ kẹ́ńkè méjì pẹ̀lú ẹja díndín, n ó sì gbé ẹrù ọjà mi lé orí padà. Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní gbogbo Ákírà yìí, láti Túdù títí dé Aṣáímàn, tó lè sọ bẹ́ẹ̀ kí ó sì tún wò yín lójú, ẹ mú un tọ̀ mí wá, kí a jọ sọ̀rọ̀ oyún.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó sá fún ẹgba tíṣà. Bí lẹ́tà kan bá ṣubú síbi tí kò yẹ, ẹ bá mi gbé e dìde. N kò lè dúró de ẹni tí yóò bá mi kọ ọ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Àgbàlagbà tí ẹ̀rù ń bà kì í sọ ọ́ lójú ọjà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Àìkú ni ó ti ń bà mí.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Sẹ̀lí wá kí mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Túdù. Sẹ̀lí ni ọmọ tí Mọ̀ríámọ̀, ọmọbìnrin mi, bí. Òun àti Múfú ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá. Tíṣà ni Múfú. Abúlé kan tó jìn sí títì ọ̀dà ni ìjọba gbé e lọ, ìyàwó rẹ̀ sì bá a lọ. Oyún oṣù méje wà nínú Sẹ̀lí. Ó jókòó sórí àpótí mílíìkì, ó na ẹsẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú páálí.

"Bàbá, ẹ má dààmú nípa tiwa," ni ó wí. "Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá sí abúlé. Ó pe èmi àti Múfú àti àwọn tọkọtaya yòókù jọ. Ó ní ká mọ ọsibítù tí a máa lọ, ká di báàgì sílẹ̀, ká mọ ẹni tó máa gbé wa dé títì."

"Ta ni yóò gbé yín?"

Múfú na fóònù rẹ̀ sí mi lójú bí ẹni ń fi ọmọ tuntun hàn. "Nọ́ńbà onítọ̀hún nìyí, Bàbá. Ó ní àbòbóyàà."

"Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó pàǹtí?"

"Ó máa fọ̀ ọ́, Bàbá."

Sẹ̀lí bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Múfú, ṣé o ti gun kẹ̀kẹ́ náà gba ọ̀nà yẹn rí? Ṣé o mọ ibi tó ti ń gbọ̀n, ibi tó ti ń rì? Bí ó bá ń gbọ̀n, báwo ni wàá ṣe di Sẹ̀lí mú?"

"Ah, chá..." Ó fẹ́ pè mí ní chálè bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tètè gbé e mì. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ó di ọjọ́ náà."

Ó di ọjọ́ náà. Gbólóhùn kékeré yẹn wọ inú mi bí omi odò ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ti gbọ́ ọ rí. Mo mọ ẹnu tó ti jáde. Adìẹ tí a óò pa lọ́jọ́ ọdún, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Àlátàkúróm. Abúlé wa nìyẹn, lẹ́yìn Dódówà, ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Ṣáì. Àlátà ni àwọn ará ibí ń pe àwa Yorùbá, kúróm sì ni ìlú lẹ́nu wọn. Ìdílé wa bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀ láàárín àwọn onílé. Ẹlòmíràn ń dá oko, ẹlòmíràn ń ta ìṣó àti kẹrosíìnì. Èmi ń ra aṣọ àlòkù ní Kàǹtàmáńtò, èyí tí wọ́n ń pè ní òyìnbó-ti-kú, mo ń rù ú kiri abúlé. Lónìí, bí ẹ bá débẹ̀, ilé alájà méjì-mẹ́ta àti òpó tẹlifóònù ni ẹ óò rí. Láyé ìgbà náà, ìró ọlọ ló ń jí wa, lẹ́yìn rẹ̀ ni àkùkọ. Àkùkọ wa lọ́lẹ, wọ́n ń dúró kí obìnrin kọ́kọ́ jí.

Ìró kan wà tí ẹ̀yin kò mọ̀. Bí ọ̀pá ọparun méjì bá gbé ènìyàn, ó máa ń ké ní gbogbo ìṣísẹ̀: kíì-ùn, kíì-ùn. Bí a bá gbọ́ ọ láti ọ̀nà oko, olúkúlùkù á dákẹ́, a ó máa ka orí àwọn ará ilé wa. Títí di òní, bí ilẹ̀kùn kan bá ké bẹ́ẹ̀ ní Túdù, n ó dìde dúró.

Agbẹ̀bí wa ni Ìyá Ìnísà. Ìnísà ni wọ́n ti bí i, òun náà ló sì ń gba ọmọ gbogbo abúlé, Àlátà àti onílé. Obìnrin kúkúrú ni, aásáà kì í kúrò ní imú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le. Bí ó bá sọ fún aboyún ní Àlátàkúróm pé "Tì í!", àwọn tí mọ́tò wọn kú sójú ọ̀nà ní Túdù á fi èjìká tì í, mọ́tò á sì ṣiṣẹ́. Ohun tí nọ́ọ̀sì Sẹ̀lí ń ṣe lónìí, tí ẹ rò pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti rí i, Ìyá Ìnísà ti ń ṣe é nígbà tí bàbá nọ́ọ̀sì náà ń rá. Bí oyún bá pé oṣù méje, á ránṣẹ́ pe tọkọtìyàwó. Ọkùnrin á máa tijú, á ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, òun ń lọ sóko.

"O ń lọ sóko?" ni Ìyá Ìnísà á wí. "Ṣé o lọ sóko lọ́jọ́ tí oyún náà wọlé ni? Jókòó."

Á jókòó.

Ẹ̀rù ni ìyá ẹ̀kọ́ wa. Obìnrin tó bá ń rọbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà láyé, èkejì wà lọ́run, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra aṣọ fún ọmọ tí a kò tíì rí. A gbà pé bí a bá to nǹkan ọmọ sílé, ikú á gbọ́, á mú ọmọ, á sì fi aṣọ sílẹ̀ fún wa ká máa wò. Ìyá Ìnísà kò bá wa jiyàn. Ó ní ó dáa, kí ọkọ kọ̀ọ̀kan máa pèsè fún aya ẹlòmíràn. Èmi á mú aṣọ funfun àlòkù láti Kàǹtàmáńtò, n ó sè é, n ó sá a sóòrùn, n ó lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àyọ́ọ̀nù eléèédú, n ó dì í pọ̀ mọ́ òwú àti abẹ tuntun tí a kò tíì tú níwèé. Ti ìyàwó Yéésúfù ni, abẹ́ ibùsùn mi ló wà. Ti Ràbí ìyàwó mi wà lábẹ́ ibùsùn Yéésúfù. Bí ikú bá wọ ilé mi wá yẹ ẹrù wò, kí ló fẹ́ rí? Nǹkan ìyàwó onílé kejì.

Yéésúfù ni aládùúgbò mi, ọkùnrin gìrìwò kan tó láwun bí ahun. Ìyá Ìnísà ń kọ́ àwa ọkọ bí a ṣe ń se omi tí a ó fi fọ ọwọ́, bí a ṣe ń se okùn tí a ó fi so ìwọ́. Yéésúfù ní òun kò lè fi igi dáná fún omi lásán. Ó ju iṣu sí i. Okùn ìwọ́ bá iṣu jinná, Yéésúfù sì gé iṣu, ó gé okùn, ó jẹ ẹ́ títí. "Ìyá, iṣu yìí ní iṣan!" Ìyá Ìnísà fi aásáà sí imú, ó wò ó. "Jẹ ẹ́ tán. Ìyàwó ẹ nìkan kọ́ ni yóò rọbí lọ́sẹ̀ yìí." Ẹ wò ó bí a ṣe rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín ni a fi ń bo ẹ̀rù náà mọ́lẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rù náà wà gan-an ni ọ̀nà. Láti Àlátàkúróm dé títì tí lọ́rì onípákó ń kọjá, máìlì mẹ́ta ni. Odò kan wà láàárín rẹ̀, afárá rẹ̀ sì ni igi àgbọn méjì tí wọ́n là, tí wọ́n tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìbí bá kọjá agbára Ìyá Ìnísà, a ní láti gbé obìnrin náà dé títì, ká rí lọ́rì, ká dé ọsibítù. Ohun tí a fi ń gbé e ni àkéte èjìká: ọ̀pá ọparun méjì, kọ́tìnì òyìnbó tó nípọn tí mo mú wá láti Kàǹtàmáńtò ni a rán sí àárín wọn. Ìyá Ìnísà ní gbogbo ọkọ gbọ́dọ̀ fi àkéte náà rin ọ̀nà yẹn kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé.

Ṣùgbọ́n a kì í gbé aboyún tí ara rẹ̀ le sórí àkéte èjìká. Òkú ni wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti oko. Bí a bá gbé aboyún lé e láìsí ìdí, a ti kọ́ ikú lọ́nà ilé. Nítorí náà àpò àgbàdo kan ni a kọ́kọ́ ń gbé. A so ìborùn mọ́ ọn, a pè é ní Aya Àgbàdo, ọkùnrin mélòó kan á sì máa bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà pé "Rọra, ìyàwó mi."

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Ìnísà fi ọ̀pá gbá àpò náà. "Àpò kì í rọbí," ni ó wí. "Ẹ wá ènìyàn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo tín-ín-rín nígbà náà débi pé bí mo bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó àsíá, òpó á dàbí ẹni tó ń jẹun ire. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni Ìyá Ìnísà ń pè mí. Wọ́n so tìmùtìmù mọ́ mi níkùn, wọ́n ró ìró fún mi, wọ́n gbé mi sórí àkéte. Bí mo ṣe lóyún àkọ́kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo tọkọtìyàwó tó bá fẹ́ rin ọ̀nà, èmi ni wọ́n ń wá.

Ìyá Ìnísà sì ti kìlọ̀ fún mi. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, pariwo. Yí sọ́tùn-ún, yí sósì. Bí ẹ bá dórí afárá, dìde jókòó lójijì, kí o di ọrùn ẹni tó wà níwájú mú bí ẹni tó ń rì sómi. Obìnrin tí ìrora bá gbà, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn ló ń dìmú. Mo fẹ́ kí ọrùn wọn mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ tó pé."

Ojú tì mí. Kí èmi ọkùnrin máa ké bí obìnrin lójú àwọn oníbàárà mi? Mo rí bí àwọn ará ibí ṣe ń gbé ọba wọn nínú àpákàn lọ́jọ́ ọdún, tí ọba á máa jó láti orí àga, ọwọ́ lókè. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ká ẹsẹ̀ lé ara, mo na ọwọ́ sókè, mo ń jó ijó ọwọ́, oyún ń bẹ níkùn mi. Àwọn ọmọdé ń sá tẹ̀lé wa, wọ́n ń pè mí ní Nana, bí wọ́n ṣe ń pe ọba wọn. Àwọn obìnrin onílé gbé ẹrù dúró, wọ́n ń pariwo "Ayékóò!", bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ní Iléyá ọdún kan, wọ́n gbé mi lọ bọ̀ lẹ́yìn ìrun, mo sì ń bùkún fún ènìyàn láti orí àkéte. Ìyá Ìnísà fi ọ̀pá nà mí lójúgun.

"Aboyún ni mo ní kí o ṣe, n kò ní kí o jọba. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọba ni àwọn wọ̀nyí ń kọ́. Ṣé ọba máa ń rọbí?"

A rẹ́rìn-ín títí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kan Ràbí, ìyàwó tèmi, Ìyá Ìnísà ní kí ẹlòmíràn gun àkéte, kí èmi wá sábẹ́ ọ̀pá. Mo kọ̀. Ta ni yóò ṣe aboyún tó mi?

"Ìwọ lọkọ," ni ó wí. "Èjìká rẹ ni mo fẹ́."

"Ìyá, èjìká mi ń bẹ níbẹ̀. Kò ní lọ síbì kankan. Ó di ọjọ́ náà."

Ẹ ti gbọ́ ibi tí mo ti gbọ́ ọ rí báyìí. Mo gun àkéte, mo jó lọ, mo jó bọ̀. Ràbí dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Ọjọ́ náà wá dé, ó sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà Dódówà. Láti àárọ̀ kùtù ni Ràbí ti ń rọbí. Nígbà tí oòrùn fi dé àtàrí, Ìyá Ìnísà jáde sí mi, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Aásáà kò sí ní imú rẹ̀. "Ọmọ náà tóbi, kò sì sọ̀," ni ó wí. "Ẹ gbé e lọ."

Àwọn ọkùnrin ti lọ sọ́jà. Yéésúfù nìkan ló wà nílé, àti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lámídì, àlejò láti Ìlọrin tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko. Lámídì bọ́ sí iwájú, Yéésúfù wà lẹ́yìn, Ìyá Ìnísà gbé ẹrù Ràbí lé orí ní ẹ̀yìn wọn. Èmi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkéte, mo di ọwọ́ ìyàwó mi mú, mo ń sọ̀rọ̀ tútù fún un. Ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kíì-ùn, kíì-ùn.

Ràbí kì í ṣe àpò, kì í sì í ṣe ọba. Ó ń yí. Bí ó bá yí sọ́tùn-ún, àkéte á tẹ̀ sọ́tùn-ún, àwọn tó gbé e á ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wọ inú koríko. Ó ń pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó ń pe èmi náà. "Ẹ sọ mí kalẹ̀! Ọkọ mi, sọ fún wọn kí wọ́n sọ mí kalẹ̀!" Mo ní, "Rọra, Ràbí, ó kù díẹ̀." Kò kù díẹ̀. A kò tíì dé odò.

A dé orí afárá. Igi àgbọn ń yọ̀, omi ń lọ lábẹ́ wa, omi pupa, ó dé ìbàdí àgbàlagbà. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ni ìrora náà gbà á. Ó dìde jókòó lójijì, gẹ́lẹ́ bí Ìyá Ìnísà ṣe ní kí n máa ṣe. Ó na ọwọ́ síwájú, ó fi apá méjèèjì wé ọrùn Lámídì láti ẹ̀yìn, ó sì fún un. Ẹnikẹ́ni kò dì í lọ́rùn bẹ́ẹ̀ rí. Èémí rẹ̀ tán. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá, ó lọ sí ọrùn ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là.

Iwájú àkéte já wálẹ̀, Ràbí sì bọ́ sómi.

Kíá ni mo bẹ́ sí i. Mo gbé e dìde, omi ń ya lára wa, a fà á gun bèbè odò, sínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó tún ń sọ̀rọ̀ lọ́rì mọ́. Ìyá Ìnísà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà. Orí ọmọ jáde, èjìká há. Ó ní "Tì í!", ohùn rẹ̀ kò sì dé ibì kankan lọ́jọ́ náà, etí wa nìkan ló gbọ́ ọ. Ó mú apá tó lè mú, ó fà á. Ọmọ jáde, ó dúdú bí aró, kò sunkún.

Mo gbọ́ omi. Mo gbọ́ kòkòrò nínú koríko. Mo gbọ́ lọ́rì kan tó ń fọn fèrè ní títì lọ́hùn-ún, ó ń kọjá lọ. N kò gbọ́ ọmọ. Ìyá Ìnísà fi ẹnu fa ikun nímú rẹ̀, ó tutọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó fi aṣọ nu ún, ó nu ún, ó nu ún. Ràbí gbé orí sókè láti inú ẹrẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ fi dákẹ́?" ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà ké, ohùn kékeré bíi ti ọmọ ológbò.

Ẹrù tó ti wà lábẹ́ ibùsùn Yéésúfù ni a fi gé ìwọ́, òun ni a fi wé e. Nínú gbogbo ohun tí Ìyá Ìnísà kọ́ wa, ìyẹn nìkan ni a ṣe bí ó ṣe wí. Ọmọ náà ni Mọ̀ríámọ̀, ìyá Sẹ̀lí. Gbogbo yín lẹ mọ apá òsì rẹ̀ tí kì í kọjá àyà, bí ó ṣe máa ń tẹ orí ba kí ó tó lè wé gèlè. Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún mi pé bí ọmọ bá tóbi tí èjìká rẹ̀ há, apá lè rí bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣubú. Mo rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún púpọ̀. Ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀ kò gbà á. Láti ìgbà tó ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu mi ní kékeré ló ti máa ń sọ pé, "Ibi tí Lámídì bá wà, kí apá tirẹ̀ náà rọ." Bí ó bá sì ti sọ ọ́, èmi ni mo máa ń ṣe "Àmín".

Ìtàn tí mo sọ fún Sẹ̀lí àti Múfú lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo rò pé ẹ̀rù á bà wọ́n, kí wọ́n lọ rin ọ̀nà wọn. Sẹ̀lí pòṣé. "Lámídì òpònú! Ẹni tí ò lè gbé nǹkan, kí ló ń gbé?" Múfú fi ọwọ́ lu àyà.

"Bàbá, èmi kì í ṣe Lámídì. Ìyàwó mi nìyí. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láéláé, mi ò lè jù ú sílẹ̀."

Ó gbé báàgì, wọ́n kí mi, wọ́n lọ wọ mọ́tò. Mo wò wọ́n títí wọ́n fi wọ àárín àwọn oníkiri. Ìgbà náà ni ẹ̀rù gidi mú mi, nítorí mo rí i pé ohun tí mo kọ́ ọmọ náà kò dára. Mo kọ́ ọ pé àjèjì ló ń ju aboyún sílẹ̀. Ó padà sí abúlé pẹ̀lú ìfẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ó rò pé ìfẹ́ á kọ́ ọwọ́ òun níṣẹ́.

Nítorí náà, Múfú, gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pe alábòbóyàà náà. Má gbé Sẹ̀lí sí i. Wá tíṣà ẹgbẹ́ rẹ kan kí ó lóyún fún ọ. Ẹ gba ọ̀nà náà dé ọsibítù. Kí ó pariwo, kí ó yí, kí ó dì ọ́ lọ́rùn níbi tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń gbọ̀n jù, kí o sì mọ bí a ṣe ń mí nígbà tí wọ́n bá dì wá lọ́rùn. Bí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ bá rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ohun tó kù tí o kò mọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí tí mo bu iyọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo dá pátápátá ni Lámídì. Kò sí Lámídì ní Àlátàkúróm. Èmi ni mo wà níwájú. Ọrùn mi ni Ràbí dìmú, ọwọ́ mi ló sì tú, mo sì fẹ́ràn obìnrin náà ju bí Múfú ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ. N kò bẹ́ sómi. Yéésúfù ló bẹ́. Èmi dúró lórí afárá, mo ń fi ọwọ́ pa ọrùn mi. Ràbí mọ̀. Títí tó fi kú, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe Lámídì, kì í bá mi jiyàn, á kàn dìde lọ wo iná. Mọ̀ríámọ̀, ọmọ mi, ẹni tí o ti ń ṣépè fún láti kékeré, bàbá rẹ ni.